Ẹni tó pè mí mọ iye tó kù nínú àkántì mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí tiyín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì rí i pé tí n kò bá sọ ọ́ jáde, kò ní jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wọn ò rí owó mi gbà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbà á ni. Bí wọ́n ṣe mọ̀ mí tó ló ń dùn mí títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni fóònù mi dún. Ohùn ọkùnrin tó pè tutù, kò kánjú rárá. Ó pe orúkọ mi pé, títí kan orúkọ àárín tí n kì í lò níbikíbi àfi lórí káàdì ìdánimọ̀. Ó ní láti ilé pàṣípààrọ̀ kírípítò (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin) tí mò ń lò lòun ti ń pè, pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ àkántì mi. Mo fẹ́ pa fóònù náà, torí èmi náà ti gbọ́ ìròyìn gbájú-ẹ̀ tó pọ̀. Àfi bó ṣe sọ pé mo yọ Bitcoin ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó sọ iye tí mo yọ, ó sọ iye tó kù. Mo ṣí áàpù mi nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Iye tó dá ni mo bá níbẹ̀, kò lé, kò dín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ni ara mi balẹ̀. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ta ló tún lè mọ èyí bí kò bá ṣe àwọn fúnra wọn?

Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi fún òun o, pé òṣìṣẹ́ gidi kì í béèrè rẹ̀. Ìyẹn ló wá jẹ́ kí n gbà á gbọ́ pátápátá. Ó ní wọ́n ti ṣí àpò tuntun kan fún mi tí olè ò lè dé, kí n yára kó gbogbo ohun tí mo ní lọ síbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé, ọ̀rọ̀ méjìlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò ó láti 1 dé 12, pé òun ni kọ́kọ́rọ́ àpò náà. Mo mú báírò, mo ń dà á kọ sínú ìwé. Mo ti kọ mẹ́sàn-án nígbà tí àbúrò mi gba ẹ̀yìn mi kọjá, tó béèrè ohun tí mò ń kọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù, mo rọra ṣàlàyé fún un. Ó wo ìwé náà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí yín ti mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n. Àpò ta wá ni?"

Mo pa fóònù náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi tí mi ò lè tún báírò dì mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ náà tó kọ ímeèlì sí mi. Wọ́n ní àwọn kan ti wo àkọsílẹ̀ oníbàárà díẹ̀ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, owó mi àti ọ̀rọ̀ aṣínà mi ò sí lára ohun tó jò. Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni mo lè pààrọ̀ kí n tó mi ẹ̀ẹ̀kan. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ńkọ́? Ojú mi tó wà nínú fọ́tò tí mo gbé káàdì ìdánimọ̀ dání ńkọ́? Ilé tí èmi àtàwọn ọmọ ń sùn ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ilé-iṣẹ́ ni àbí olè?

Ẹni kejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú oríire pé wọn ò rí i gbà. Mo ti ṣe iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ń díbọ́n pé òun ń ṣe. Mo bá ilé pàṣípààrọ̀ kan dá àwọn oníbàárà lóhùn fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá a máa ń rí.

Tí mo bá ṣí àkántì ẹnì kan, fọ́tò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ lápá òsì lókè, òun àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Lápá ọ̀tún, gbogbo ohun tó ní, owó kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀, àti gbogbo ìgbà tó ti fi owó síta. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ ò ní láti tẹ nǹkan kan mọ́. Mo sì lè wá orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wù mí, yálà ó kọ̀wé sí wa tàbí kò kọ̀wé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan lára wa tẹ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan tó lókìkí, bóyá ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rin dúró lẹ́yìn àga, à ń wo iye tó ní. Mo wà lára àwọn mẹ́rin yẹn, ojú ṣì ń tì mí. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, àjèjì kan kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ mi lórí Telegram. Owó tó fi lọ̀ ọ́ ju owó oṣù wa lọ, kó ṣáà máa fi fóònù ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí òun. Ẹlẹgbẹ́ mi kọ̀, ó sì lọ fi han ọ̀gá wa. Ọ̀gá ní kó má fèsì. Ó parí síbẹ̀. Wọn ò béèrè bóyá wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sí ẹlòmíì, wọn ò yí nǹkan kan padà lójú kọ̀ǹpútà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa ti lanu tipẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu ò fi yà mí nígbà tí Coinbase, ilé pàṣípààrọ̀ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé àwọn ọ̀daràn ti fún àwọn kan lára àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn fún wọn nílẹ̀ òkèèrè ní rìbá. Àwọn 69,461 ni ọ̀rọ̀ kàn. Orúkọ, àdírẹ́sì, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, iye tó wà nínú àkántì, gbogbo ẹ̀ ló wà lára ohun tí wọ́n kó. Àwọn olè náà béèrè mílíọ̀nù 20 dọ́là kí wọ́n tó lè panu mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀, ó ní iye kan náà lòun máa fún ẹni tó bá tú àṣírí wọn kí ọwọ́ òfin lè tẹ̀ wọ́n. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n rìbá ni wọ́n fi wọlé, wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn kankan.

Ibi tí mo wà báyìí yàtọ̀. N kò lè ṣí àkántì yín àfi tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí wa tí nọ́ńbà tí a fún ìwé tẹ́ ẹ kọ sì wà lọ́wọ́ mi. Àdírẹ́sì kì í hàn. Iye owó kì í hàn, tí mo bá ní láti rí i, mo gbọ́dọ̀ kọ ìdí, orúkọ mi á sì wà níbẹ̀ pé èmi ni mo wò ó, ní aago báyìí báyìí. A máa ń fi fóònù sílẹ̀ nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ká tó wọlé. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, àwọn oníbàárà sì máa ń bínú pé kí ló dé tí a tún ń béèrè nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá pàdé òṣìṣẹ́ tí kò lè rí àkántì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ má bínú sí i.

Ẹni kẹta

Olè ló kọ́kọ́ sọ fún èmi.

Àdírẹ́sì ímeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo máa ń fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tí n kò fún ẹlòmíì rárá àfi àwọn tó ń bá mi ṣírò owó orí lórí kírípítò. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà jìbìtì wọlé síbẹ̀, pé kí n wá tún àpò mi fi orúkọ sílẹ̀. Mo mọ ibi tó ti jò lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ó di oṣù kẹrin lẹ́yìn náà kí wọ́n tó gbà pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ ni olè wọ̀.

Èyí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ fún ní orúkọ yín máa ń fún ẹlòmíì. Ní ọdún 2022, Mailchimp, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíì fi ímeèlì ránṣẹ́, ni wọ́n wọ̀; nígbà tó di oṣù Kẹrin, àwọn tó ń lo Trezor, ẹ̀rọ ìtọ́jú kírípítò, ni lẹ́tà jìbìtì lọ bá. Trezor ò mọ̀ọ́mọ̀ ta ẹnikẹ́ni.

Ẹni kẹrin

Èmi ní ìrírí tó dára, ẹ jẹ́ kí n fi kún un torí ó ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí mo pa àkántì mi méjì tì, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ méjèèjì pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ mi rẹ́. Àkọ́kọ́ fèsì ní ìlà kan: òfin ò gbà wá láyè. Ó parí.

Òótọ́ ni pé òfin wà. Ìlànà FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀gbin pamọ́, ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tí òwò bá parí. Láti ọdún 2019 ni wọ́n sì ti ní kí orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti ti ẹni tó máa gbà á máa tẹ̀ lé owó kírípítò láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn. N kò bá ìyẹn jà, torí mo mọ irú owó tí àwọn èèyàn burúkú ń fi pamọ́. Ṣùgbọ́n tọ́jú ni òfin sọ. Kò sọ pé kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síta fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kejì kọ lẹ́tà gidi sí mi. Wọ́n to ohun tí wọ́n ti pa rẹ́: nọ́ńbà fóònù, fọ́tò ojú, gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wa. Wọ́n to ohun tí wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ní ó ti kúrò níbi tí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lè dé. Wọ́n wá kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí èyí tó kù máa kúrò. Mo ka ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti padà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹni karùn-ún

Ẹ̀rù ilé ni tèmi. Kí èyí tó kàn mí ni mo ti ka ti Ledger, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú kírípítò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ẹnì kan da orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé àwọn oníbàárà wọn tó tó 272,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà ò ní àléébù kankan. Ìwé tí wọ́n fi ń ta ọjà ló jò. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yín pé owó wà níbí.

Èmi, ilé-iṣẹ́ tí mo fi owó sí ló wọko gbèsè. Orúkọ mi àti iye tí wọ́n jẹ mí wọnú ìwé ilé ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, lẹ́tà bébà ni mo gbà, kì í ṣe ímeèlì, ó bá mi dé ilé. Iye tí wọ́n jẹ mí wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló ṣí i. Ó béèrè pé, "Àwọn tó kọ èyí mọ ibi tá à ń gbé?" N kò rí èsì fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 tí wọ́n jí David Balland tó wà lára àwọn tó dá Ledger sílẹ̀ gbé ní ilé rẹ̀ ní Faransé, tí wọ́n gé ìka rẹ̀ kan, ó rán mi létí ìbéèrè yẹn. N kò sọ pé ìwé tó jò ló fà á o. Mo kàn ń sọ ohun tó ń gbé inú ilé wa ni.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni karùn-ún, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ ní mo gbọ́ ọ.

Mo ti gba ìmọ̀ràn yín. Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, mo sì ti fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ímeèlì tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè mí báyìí, mo máa ń pa á, èmi fúnra mi á wá pe nọ́ńbà tó wà nínú áàpù. Ẹni kejì, ohun tí ẹ sọ nípa ojú kọ̀ǹpútà yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tó yẹ kí n béèrè.

Àná ni mo kọ lẹ́tà sí wọn. Mo béèrè pé àwọn mélòó ló lè rí àdírẹ́sì mi láìjẹ́ pé mo kọ̀wé sí wọn. Mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ti jò, kí n lè fi wé ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn pè mí. Mo sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí fọ́tò mi máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún ẹni kẹrin. Mo fi àwòrán ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án sí mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fèsì, màá gbé e wá síbí.