Kí ló dé tí Kratos ò lè fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa, l'Ábújá, ni mò ń gbé. Bí NEPA bá ti mú iná wá lálẹ́, èmi àti ọmọkùnrin mi máa ń jókòó ti géèmù God of War, èyí tó jáde ní 2018. (Ẹ má bú mi, mo mọ̀ pé géèmù àgbà ni.)

Kratos, jagunjagun tá à ń darí nínú géèmù náà, ti fọwọ́ ara ẹ̀ pa ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí Ares, òrìṣà ogun, tàn án. Eérú wọn ló lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi funfun báyẹn. Ó wá tún bí Atreus, ìyá ọmọ náà sì kú. Lẹ́yìn tí bàbá àtọmọ jọ pa àgbọ̀nrín kan, Kratos nawọ́ sí ọmọ náà lẹ́yìn, ó ku díẹ̀ kó kàn án, ló bá fa ọwọ́ padà.

Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mi ò rí èsì fọ̀. Sójà ni bàbá tèmi, ó bá ECOMOG (ọmọ ogun àjọ ECOWAS) lọ sí Làìbéríà. Látìgbà tó ti dé, tá a bá fọwọ́ kàn án lójú oorun, á fò dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ṣé ohun tójú bàbá mi rí lè ràn mí, èmi tí mi ò gbé ìbọn rí? Ẹni tó bá ti bọ́ nínú ẹ̀, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà. Mò ń gbà á.