Ta ló ti gbé RV lọ sí Olustee rí?

Aya Dókítà (Atlanta): Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàálé mi fẹ́ yá RV, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, a ó gba I-75 lọ sí Orlando pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi. Ẹnì kan ní ojú ogun àtijọ́ kan wà lẹ́bàá Lake City ní Florida, pé adágún kan tí èèyàn lè sùn sí ò sì jìnnà síbẹ̀. Ṣé ibẹ̀ tó yà sí?

Ẹ̀gbọ́n Jacksonville: Ó tó yà sí, àbúrò mi. Olustee ni. Tẹ́ ẹ bá dé Lake City, ẹ gba US 90 síhà ìlà-oòrùn, nǹkan bíi máìlì 15, ẹ ó rí i létí títì. Ocean Pond tí ẹ máa sùn sí wà nínú igbó ìjọba Osceola níbẹ̀ náà. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi orúkọ adágún yẹn pe ogun ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ẹ má kàn ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kẹ́ ẹ máa lọ o. Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni, láàárín Àríwá, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, àti Gúúsù tó yapa torí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1864 ni wọ́n pàdé láàárín igi páìnì yẹn, nǹkan bíi 5,000 sójà níhà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gágun Truman Seymour ló kó àwọn Àríwá wá. Wọ́n fẹ́ dínà màlúù àti oúnjẹ tó ń ti Florida lọ bọ́ àwọn ọmọ ogun Gúúsù, wọ́n sì fẹ́ gba àwọn tó bọ́ lóko ẹrú síṣẹ́ sójà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú mẹ́ta ló bá wọn jà: 8th US Colored Troops, 35th, àti 54th Massachusetts. Àwọn 8th ò tíì fojú kan ogun rí. Wọ́n pa Charles Fribley tó jẹ́ ọ̀gá wọn, àwọn tó lé ní 300 nínú wọn sì kú, fara gbọgbẹ́ tàbí di àwátì. Nígbà tí Àríwá ń sá lọ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn 35th àti 54th ló dúró dènà ọ̀tá káwọn yòókù tó ráyè lọ. Lápapọ̀, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì jẹ́ 1,861 lọ́dọ̀ Àríwá, 946 lọ́dọ̀ Gúúsù. Púpọ̀ nínú àwọn dúdú tó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n kù sílẹ̀, ìjà ti tán káwọn sójà Gúúsù tó pa wọ́n.

Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni ti rélùwéè. Ọkọ̀ tó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kọṣẹ́ lọ́nà. Àwọn 54th, tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, padà sẹ́yìn, wọ́n so okùn mọ́ ẹ́ńjìnnì àti kóòṣì, wọ́n sì fọwọ́ fà á fún bíi máìlì mẹ́ta.

Aya Dókítà: Háà! Àwọn ọmọ mi ò kà á nílé ìwé. Ẹ ṣé gan-an, sà.

Bọ̀dá Gainesville: Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà níbẹ̀, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tó máìlì kan, pátákó ìtàn wà lójú ọ̀nà. Òkúta ìrántí ńlá tẹ́ ẹ máa rí, àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Gúúsù ló gbé e kalẹ̀. Lọ́dún 2013 tí wọ́n dábàá pé káwọn Àríwá náà ní tiwọn, ariwo ńlá ló dá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ ẹni tó kọ ohun tí wọ́n ń kà. Oṣù Kejì ni wọ́n máa ń ṣe eré ogun náà lọ́dọọdún, èrò á pọ̀ bí omi. Tí kì í bá ṣe eré lẹ ń wá, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì (Tampa): Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí RV. Ẹ bi ẹni tó ń yá yín bóyá 30 amp (ìwọ̀n iná tí ọkọ̀ lè gbà) ni tàbí 50, kẹ́ ẹ gba ádápítọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí 30, ẹ má tan AC, maikirowéfù àti kẹ́tùlù omi ẹ̀bà pọ̀. Iná máa já ni. Ẹ kọ gíga ọkọ̀ sójú gíláàsì níwájú dẹ́rẹ́bà nítorí bíríìjì. Táǹkì ìgbẹ́ ńkọ́? Ẹ fi fáàfù rẹ̀ sílẹ̀ ní títì títí ẹ ó fi dé ibi ìdàdànù, torí tó bá wà ní ṣíṣí, omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á sì gan mọ́ ìdí táǹkì. Ìgbẹ́ lẹ kọ́kọ́ ń dà, lẹ́yìn náà omi ìwẹ̀ àti ti abọ́, kí ọṣẹ rẹ̀ fọ hóòsì. Ìbọ̀wọ́ o, ẹ jọ̀ọ́!

Bọ̀dá Gainesville: Ọ̀nì wà nínú adágún yẹn. Táwọn ọmọ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni, kó sì jẹ́ ọ̀sán gangan. Ẹ má ju ẹran sí i, òfin Florida kà á léèwọ̀. Ẹranko béárì náà wà nígbó, ẹ má gbàgbé ìkòkò ọbẹ̀ síta lóru. Igi ìdáná, ẹ rà á nítòsí. Ẹ má kó o wá láti Atlanta, torí kòkòrò tó ń pa igi.

Aya Dókítà: Owó ibùdó ńkọ́? Màmá ti lé ní 65.

Ẹ̀gbọ́n Jacksonville: Ṣé wọ́n ní green card tàbí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ra Senior Pass, káàdì àwọn àgbàlagbà fún ọgbà àti igbó ìjọba àpapọ̀, láti ẹni ọdún 62 ló ti bẹ̀rẹ̀: $20 fún ọdún kan, $80 títí ayé. Ìdajì owó lèèyàn máa ń san pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni káàdì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ID sì wà lọ́wọ́.

Aya Dókítà: Wọ́n ní green card, sà. A ó ra ti $80 yẹn fún wọn.