Ewì Tí Ń Pani Lẹ́rìn-ín Nígbà Tí A Bá Kà Á Sókè: Ẹ Sọ Ìrírí Yín

Láti Ìlọrin

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní ìgboro Ìlọrin, ọ̀rọ̀ tí mo sì mú wá kò ju ti ewì onílà méje kan lọ. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ tirẹ̀ sí abẹ́ tèmi.

Mo kà nípa akéwì ará Amẹ́ríkà kan, Billy Collins, ẹni tí ó wà ní ipò akéwì àgbà orílẹ̀-èdè náà láti 2001 sí 2003. Lásìkò yẹn ni ó ṣa 180 ewì jọ fún àwọn ilé-ìwé girama wọn, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń lọ sí ilé-ìwé láàárín ọdún kan. Ewì tí etí lè gbà ní ìgbọ́ àkọ́kọ́ ni ó wá, àwọn kan nínú wọn sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan yóò kà á sókè, àwọn yòókù yóò gbọ́, ó parí nìyẹn. Kò sí ìbéèrè, kò sí pé kí ni akéwì ní lọ́kàn. Ibi tí ó ní kò sí ìbéèrè yìí ni ó mú mi jókòó dáadáa, nítorí pé èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ewì fún ọdún mọ́kàndínlógún mọ ohun tí ìbéèrè ń fi ojú ewì rí. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé a óò bi òun ní ọnà-èdè mẹ́ta tí akéwì lò kì í gbọ́ ewì mọ́; ọnà-èdè ni yóò máa ṣà nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Mo tọrọ ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ ọ̀gá wa ní àpéjọ àárọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní asẹ́ńbílì. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé òun kò fẹ́ kí n sọ ibẹ̀ di òde aríyá. Ọjọ́ kìíní, mo ṣìnà. Mo mú ewì kan tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, irú èyí tí àwa olùkọ́ fi ń yangàn láàárín ara wa, mo kà á tìyì-tẹ̀yẹ, àwọn ọmọ sì dúró bí adìyẹ tí òjò pa. Nígbà tí mo parí, ìró ọ̀kadà tí ń kọjá lójú títì ni ó dá mi lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń wá ìwé kan kiri inú ilé, mo sì bá a níbi tí n kò fọkàn sí rárá. Mo jókòó, mo kọ èyí:

Fíríìjì ilé wa kò mú omi tutù mọ́.
Mo ṣí i lánàá,
mo bá ìwé yìgì wa níbi tí à ń to ẹyin sí.
Mo ní, "Ìyá Ràímì, kí ló dé?"
Ó ní, "Kó má baà bàjẹ́ ni."
Iná ò tíì dé láti ìgbà Iléyá.
Kò sì bàjẹ́.

Mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á sínú, ó dá a padà fún mi, ó ní ṣé ewì nìyí ni àbí mò ń fi òun sùn ní gbangba. N kò sì lè bá a jiyàn, nítorí pé lórí bébà, nǹkan ọ̀hún kò jọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "kí ló dé?", mo dákẹ́ díẹ̀, mo wo ojú àwọn ọmọ bí ẹni pé àwọn ni mo bi. Àwọn tí wọ́n pẹ́ dé, tí wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí ẹ̀rín kò sì tọ́ sí rárá ní àkókò yẹn, àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín bí mo ṣe ní, "Kó má baà bàjẹ́ ni." Ó tàn dé orí ìlà, ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́. Mo dárúkọ iná àti Iléyá, ẹ̀rín tún sọ, nítorí kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ohùn ìsàlẹ̀ ka ìlà ìkẹyìn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ̀rín ṣe ń kú. Kò kú lójijì. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òye ti ń yé ẹni kan sí òmíràn. Ìyá tí ń tọ́jú ilé-ìkàwé wa, tí ó ti ń mi ìdì kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fi ọwọ́ kejì di àwọn kọ́kọ́rọ́ náà mú, kò mì wọ́n mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mi ò sí nílé-ìwé, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sì bá mi tún un kà nítorí pé àwọn ọmọ bèèrè fún un. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó kà á fún mi, mo sì rí ohun tí ó ṣe: ó ka ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ bí ẹni ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà. Èémí kan ṣoṣo ni ó gbé mì. Ìbéèrè náà ní láti rìn dé inú ẹni tí ń gbọ́, kí onítọ̀hún ti máa ro ìdáhùn tirẹ̀, kí ti Ìyá Ràímì tó wọlé wá bá a níbẹ̀. Bébà kò lè ṣe èyí. Bí mo bá fi àlàfo sílẹ̀ lórí bébà, ojú yóò fò ó, ṣùgbọ́n etí kò lè fo ìdákẹ́jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni a kó wọ Ìlọrin o. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, lẹ́nu Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere, tí ó sì ń pani lẹ́rìn-ín, ti wà nílẹ̀ níbí tipẹ́. Ìyàtọ̀ kan ni mo rí. Oníṣẹ́ dàdàkúàdà ní ìlù lẹ́yìn, ó ní ẹlẹ́gbè tí yóò gbè é nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń wá ọ̀nà. Ẹni tí ó dúró pẹ̀lú bébà lásán kò ní ju èémí rẹ̀ lọ.

Láti Ọ̀fà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Aṣọ ni mò ń tà, n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bébà àti etí tí ẹ sọ yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé mi rí.

Ọmọ mi obìnrin kejì ń kọ ewì. Ní ọjọ́ kan, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ti ń ṣe, kò fi àmì ohùn kankan sí i, kò fi àmì sí ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni "Egbon mi n wa oko. Emi naa n wa oko." Mo ka méjèèjì sí pé ọkọ ni wọ́n ń wá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀rìn-Ilé lójú ẹsẹ̀, mo ní Ọlọ́run ti sọ ọmọ yìí lọ́kàn rọ̀, kí a tètè bẹ̀rẹ̀ àdúrà. A fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà náà.

Nígbà tí mo wá dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Báyìí ni ó kà á:

Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ọkọ.
Èmi náà ń wa ọkọ̀.
Tèmi ti dé Àjàṣẹ́-Ìpo.
Tirẹ̀ ṣì wà ní gáréèjì.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mọ́tò wíwà nígbà náà ni. Àwọn oníbàárà méjì tí wọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní kí n tún un fi, mo tún un fi. Èyí ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà, wà níbẹ̀ ó ń ká aṣọ áńkárá. Mo ti ń bẹ̀rù ohun tí yóò sọ. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kú orí ire. Ọkọ̀ tó tètè gbéra, táyà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jò." Láti ìgbà náà, ṣe ni àwọn méjèèjì ń fi ewì bá ara wọn jà, ohùn nìkan ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn.

Láti Tanke, Ìlọrin

Ní tèmi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀rù ewì sì máa ń bà mí títí mo fi mọ̀ pé Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ewì jáde nínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune láti 1985, kí ẹni tí ó ra ìwé ìròyìn nítorí bọ́ọ̀lù àti òṣèlú lè bá ewì pàdé níbẹ̀. Mo ka irú ewì bẹ́ẹ̀ fún onígbàjámọ̀ mi ní ọjọ́ kan tí iná lọ nígbà tí ó fá orí mi dé ìdajì. Kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàyè nínú ewì.

Láti Omù-Àrán

Mo ti ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni mí, kí ẹ má bínú bí n kò bá bá yín lọ dé òpin. Ewì Ọlánrewájú Adépọ̀jù lórí rédíò àti lórí àwo ni ó kọ́ etí mi ní ohun tí à ń pè ní ewì. Ohùn ń lọ sókè, ohùn ń lọ sílẹ̀, òwe ń ti òwe lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ fíríìjì, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé gbogbo ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni ewì, a jẹ́ pé ewì ni wọ́n ń ké ní gbogbo ibùdókọ̀. Mo ṣì di èrò yìí mú.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó ṣojú mi nígbà tí a ń sin ẹ̀gbọ́n mi. Kí ó tó yé yín, ẹ ní láti mọ̀ pé ìdílé wa ní iwájú orí tí ó gbòòrò. Kò sí ọmọ wa tí wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi sì ní ìwà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ awò ojú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀. Mo retí oríkì. Ọmọ náà yọ bébà kan jáde láti inú àpò, bébà tí ó ti ká sí wẹ́wẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò kọrin, kò ké, ó kàn kà á bí ẹni ń sọ ìròyìn:

Àràárọ̀ ni Bàbá ń wá awò ojú wọn.
Gbogbo ilé á dìde.
A ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó wo àpò agbádá,
màmá á ní, "Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí yín."
Ibẹ̀ ni awò ojú wà.
Lónìí, Bàbá la wá, a ò rí wọn.
Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí yín.

Títí dé ibi ọ̀rọ̀ màmá, ẹ̀rín ni à ń rín. Opó fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ ti ń gbìyànjú láti bínú pé wọ́n ń fi òkú àgbà ṣeré nígbà tí ọmọ náà ka ìlà ìkẹyìn, tí ó sì ká bébà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi obìnrin tí ó jókòó ní iwájú mi tú gèlè rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Nígbà tí mo fẹ́ nu ojú mi, mo wá ọwọ́ mi, ó ti wà níbẹ̀.