"Apaná-ojú" kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dábàá pé ká máa pe oògùn tí wọ́n ń kán sójú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kàtáráàtì ní "apaná-ojú", torí pé iná ni ọ̀rọ̀ Látìn tí àwọn Òyìnbó fi sọ ohun tó ń wò lórúkọ ("inflammation": kí ojú pọ́n, kó wú, kó sì máa ro) dá lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, fìtílà náà iná ni. Ẹ wo ìyá arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì ojú rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ kán apaná-ojú sí i. Á sá jáde ni!

"Oògùn ojú pípọ́n" ńkọ́? Apólò ni gbogbo ayé máa rò. Àwọn tó ń sọ pé "kó má baà kẹ̀" náà ṣì í mú: kòkòrò ló ń mú egbò kẹ̀, igò tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Èyí tí à ń wí yìí, Celsus ará Róòmù ti ka àmì rẹ̀ sílẹ̀ láti ohun tó lé ní 1900 ọdún: pípọ́n, wíwú, gbígbóná, ríro.

Igò méjì ni wọ́n fún màámi fún un, ó sì sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Prednisolone ni "ológì", torí funfun rẹ̀ máa ń sílẹ̀ sísàlẹ̀ igò. Bí a kò bá gbọ̀n ọ́n, omidùn lásán là ń kán. Ketorolac ni "atanilójú". Kò purọ́, ó ń ta lóòótọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju "aláìní-sítẹ́rọ́ọ̀dù" ("non-steroidal") tí ẹnìkan mú wá lọ. Ta ní ń sọ ọmọ ní Kìí-ṣe-Táyé?

Àmọ́ n kò lè fi "ológì" pe gbogbo ẹbí prednisolone, torí dexamethasone míì mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ẹbí náà, "sítẹ́rọ́ọ̀dù", sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè mú ìfúnpá inú ojú lọ sókè, ó sì yẹ kí aláìsàn dá orúkọ náà mọ̀ nígbà tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.

Orúkọ àjọjẹ́ fún igò méjèèjì ló kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bi màámi pé báwo lojú. Ó ní, "Ojú mi ti ń wálẹ̀." Ẹ̀yin kò rí i? Amójúwálẹ̀! Mo mọ̀ pé a tún ń sọ ọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Kò pa á lára.