Nọ́ńbà onídíjíìtì 13 dípò ọjọ́: báwo la ṣe ń yí i padà?

Adé_Yaba
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fáìlì POS ṣọ́ọ̀bù kan ní Tẹ́júoṣó ló wà níwájú mi. Ibi tó yẹ kí ọjọ́ wà, 1700000000000 ni mo bá níbẹ̀. Mo fi 86,400 pín in nínú Excel, mo fi 25569 (nọ́ńbà tí Excel fún 1 Jánúárì 1970) kún un, #### ló ń gbé jáde. Èkejì: millisecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) mélòó ló wà nínú ọgọ́rùn-ún ọdún? Ẹnì kan ní 3,153,600,000,000, ẹlòmíì ní 3,155,760,000,000. Ta ló jàre?

Ìyá_Fọ́múlà
Àbúrò, ka díjíìtì ẹ̀ ná. Fún ọjọ́ ayé tiwa yìí, 10 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá, 13 jẹ́ millisecond, 16 microsecond, 19 nanosecond (ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún èyí tó ṣáájú ẹ̀). Láti 1 Jánúárì 1970 ni gbogbo wọn ti ń kà bọ̀. Tìẹ jẹ́ 13, bẹ́ẹ̀ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan lo fi pín in. O ti gbé oníbàárà lọ sí nǹkan bí ọdún 55,800, Excel ò sì mọ ọjọ́ kankan lẹ́yìn ọdún 9999. Kọ èyí:

=A2/86400000+25569+1/24

Kó o wá yí cell náà sí Date àti Time. 14 Nòfẹ́ńbà 2023, aago 11:13:20 alẹ́ ni wàá rí. Má yọ 1/24 yẹn o! Aago Greenwich ni nọ́ńbà náà ń tẹ̀ lé, tiwa l'Ékòó sì fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó sanwó ní aago 12:20 òru ọjọ́ kìíní oṣù á bọ́ sí oṣù tó kọjá, ìṣirò oṣù méjèèjì á sì dàrú.

Bọ̀dé_Sùúrùlérè
Ti ọgọ́rùn-ún ọdún: ẹni àkọ́kọ́ gbàgbé Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 29. Ọjọ́ 36,500 ló lò, ẹnì kejì lo 36,525. Ẹnì kejì jàre tó bá jẹ́ 1 Jánúárì 2000 sí 1 Jánúárì 2100. Àmọ́ 1900 sí 2000, ọjọ́ 36,524 péré ni, torí ọdún tó bá parí sí 00 kì í ní ọjọ́ 29 yẹn àfi tí 400 bá pín in tí kò ṣẹ́kù. (Excel fúnra ẹ̀ á ní 36,525 ni; ó ń ka 29 Fẹ́búárì 1900 tí kò sí láyé rí.) Tí ẹ bá mọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, ẹ ka ọjọ́ àárín wọn, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 86,400,000. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lo ọjọ́ 365.2425 fún ọdún kan: 3,155,695,200,000 ni ọgọ́rùn-ún ọdún á jẹ́.

Adé_Yaba
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti bọ́ sí i. Fáìlì kejì ní díjíìtì 19, àmọ́ òdo mẹ́rin ló parí gbogbo wọn.

Ìyá_Fọ́múlà
Excel kì í di ju díjíìtì 15 mú. Ó ti sọ ìyókù di òdo. Padà sídìí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí àmì kọ́mà pín) gan-an, má kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Gba Data, From Text/CSV, kó o sọ column yẹn di Text, lẹ́yìn náà:

=LEFT(A2,13)/86400000+25569+1/24

Millisecond ti tó fún ìwé owó ṣọ́ọ̀bù.