Ìbéèrè ọ́síjìn àti òòfà nínú pépà kẹ́mísírì: ṣé a lè fẹjọ́ sùn?

Bírò Pupa:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Pépà kejì kẹ́mísírì, ìbéèrè 7. Wọ́n ní tí a bá da ọ́síjìn olómi sí àárín orí méjèèjì òòfà alágbára, ó máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n náítírójìn olómi á ṣàn kọjá ni. Ká ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Máàkì 6.

Mo mọ sílábọ́ọ̀sì yẹn bí ẹni mowó. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ìlà tí mo bá kà tán ni mo ń fi bírò pupa fagi lé. Ní abẹ́ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so pọ̀, àwòrán dot-and-cross (èyí tí a fi ń ya ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta ní méjì-méjì) ni wọ́n ní ká mọ̀ ọ́n yà. Molecular orbital, ìyẹn àwọn yàrá tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń wà nínú mólékù lápapọ̀, ò sí níbì kankan, mo wá a títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Ibi tó dùn mí jù rèé: mi ò fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ lófo. Mo ya ọ́síjìn bí wọ́n ṣe ní ká yà á. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 12 ló wà ní ìta: 4 ní àárín átọ́ọ̀mù méjèèjì, 4 lápá òsì, 4 lápá ọ̀tún. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tí kò ní èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbi àwọn irin transition, wọ́n kọ́ wa pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá dá wà ni òòfà ń fà. Ni mo bá kọ ọ́ gàdàgbà pé kò yẹ kí òòfà fa ọ́síjìn, ó jọ pé àṣìṣe wà nínú ìbéèrè. Èmi yìí, mo bá ẹni tó ṣètò ìdánwò jiyàn lórí ìwé ìdáhùn mi! Ìgbà tí mo délé ni mo rí fídíò rẹ̀, omi aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó so rọ̀ sí àárín òòfà. Ojú tì mí.

Àwa bíi mẹ́rìnlá ń kọ ìwé ẹ̀sùn báyìí. A fẹ́ fi ìbéèrè 4 kún un (kí a wá pH ethanoic acid 0.10 mol/dm³ tí Ka rẹ̀ jẹ́ 1.8 × 10⁻⁵, olùkọ́ wa ò ṣe irú ẹ̀ rí), àti 9, tó dá lórí irin kan tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Báwo ni ká ṣe kọ ọ́ tí wọ́n á fi dá wa lóhùn?

Orí Yá:
Kí wọ́n fún gbogbo ayé ní máàkì 6, ká lọ sùn.

Ọmọ Àkàyè:
Sùn kẹ̀? Èmi dáhùn 7 o. Mo ti kà á níwájú fúnra mi. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó kẹ́yìn nínú ọ́síjìn bá orbital méjì tí agbára wọn dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba yàrá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì yẹn ni òòfà rí fà. 10 péré ni náítírójìn ní, wọn ò dé yàrá yẹn rárá. Tí wọ́n bá wá fún ẹni tí kò kọ nǹkan kan ní 6, kí ni tèmi dà?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Bírò Pupa, mo máàkì irú pépà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ kí n gbọn ẹ̀sùn yín wò.

Yọ 9 kúrò. Bí wọ́n bá ti fún yín ní gbogbo nọ́ńbà tí ẹ nílò, àìgbọ́ orúkọ irin kì í ṣe ẹ̀sùn.

Yọ 4 náà. Ohun tí olùkọ́ ò kọ́ yín yàtọ̀ sí ohun tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Equilibrium constant wà níbẹ̀, pH wà níbẹ̀, Ka kò sì ju equilibrium constant ti ásíìdì lọ. [H⁺]² jẹ́ 1.8 × 10⁻⁵ × 0.10, pH á bọ́ sí 2.87. Tí ẹ bá kó èyí wá, wọ́n á ní iṣẹ́ ló le fún yín, wọ́n á sì fi ojú yẹn wo 7.

7 ni ẹjọ́ yín. Kì í ṣe pé ó le. Ẹni tí kò ka sílábọ́ọ̀sì lè fi àyè sílẹ̀. Ẹni tó kà á dáadáa ni ìmọ̀ rẹ̀ tì sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Àlàyé tí o kọ lókè yìí, bí o ṣe ka 12 lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kí ó ṣáájú. Ẹ lè fi kún un pé ní 1891 ni James Dewar rí ọ́síjìn olómi tí òòfà fà á, ó sì di 1929 kí John Lennard-Jones tó fi molecular orbital ṣàlàyé rẹ̀. Ọdún 38! Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún yín?

Ẹ má tọrọ máàkì ọ̀fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gba àlàyé tó bá sílábọ́ọ̀sì mu mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, tí Ọmọ Àkàyè á fi mú 6 rẹ̀ lọ. Kí ilé ìwé fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó parí máàkì. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sílábọ́ọ̀sì ọdún yìí ló wà lọ́wọ́ yín.

Bírò Pupa:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ló lé mi dìde. Ti ọdún tó kọjá ni mo fi bírò pupa bà jẹ́! Mo ti wo tuntun. Ìlà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ níbẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwòrán dot-and-cross kì í ṣàlàyé gbogbo ìwà mólékù. Ṣé ẹjọ́ ti túká nìyẹn?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Kò túká, ó dín kù ni. "Mọ̀ pé kì í ṣàlàyé gbogbo rẹ̀" gbà kí wọ́n bi yín bóyá àwòrán yẹn bá ohun tí a rí mu. Máàkì 2 nìyẹn. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni wọn ò kọ. Ẹ kọ̀wé lórí máàkì 4 tó kù.

Bírò Pupa:
Ó ti yé mi, sà. Mo ń tún un kọ lọ́wọ́. Orí Yá, wá fọwọ́ sí i kí o tó lọ sùn.