Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀ ní Ítálì: bí a ṣe ń jáde, bí a ṣe ń padà bá a

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ti òkun Mẹditaréníà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ni bí wọ́n ṣe lè rí Róòmù, Florence àti ìlú àtijọ́ Pompeii, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá ni ọkọ̀ sábà ń lò ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín láti àárọ̀ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Aago tí wọ́n bá ní kí gbogbo èrò ti wọlé tán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kà á padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú Civitavecchia, èbúté tí àwọn onípolówó ń pè ní Róòmù. Nǹkan bíi kìlómítà 80 ló wà láàárín òun àti Róòmù. Ká ní aago 7:00 ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ṣí. Aago 6:30 ni wọ́n sábà ń fi ṣe òpin ìwọlé. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fẹ́ kí ẹ ti wọlé ní wákàtí kan gbáko ṣáájú. Inú ìwé ètò ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbé sí yàrá yín lálẹ́, tàbí tí wọ́n ń fi sórí áàpù ọkọ̀, ni ẹ ó ti rí i. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń sanwó.

Tó bá jẹ́ 6:30, ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní Largo della Pace ní 5:30. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti ń kó èrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí èbúté yẹn gùn, ìlà bọ́ọ̀sì náà sì máa ń gùn ní ìrọ̀lẹ́. Láti ibùdókọ̀ rélùwéè dé Largo della Pace, ẹsẹ̀ yín lè rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Nítorí náà, kí rélùwéè yín ti dé Civitavecchia ní aago 5:00. Rélùwéè tí wọ́n kọ Regionale (ti agbègbè) sí lára ń lo wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 láti Termini, ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Róòmù. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ní nǹkan bí aago 3:40 ọ̀sán, ẹ ti gbọ́dọ̀ jókòó sínú rélùwéè. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ẹ fi í sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Àwọn tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ sábà jẹ́ àwọn tó yan rélùwéè ìkẹyìn tó ṣì lè bá àkókò mu. Wọ́n wá fagi lé rélùwéè yẹn, kò sì sí òmíràn tó lè gbé wọn dé.

Ẹ wo ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kí ẹ tó lọ. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú ní Ítálì, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà sì ń to àwọn ọjọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn rélùwéè agbègbè kan ṣiṣẹ́ láti aago 6:00 sí 9:00 àárọ̀, àti láti 6:00 sí 9:00 alẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹkùn wà fún èrò ọkọ̀ ojú omi: ti àárọ̀ á gbé yín dé Róòmù wọ́ọ́rọ́wọ́, ti alẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yín ti ń múra àtiṣí. Tí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sọ́jọ́ yín, bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ṣètò ni kí ẹ wọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì Regionale kò wọ́n, kò tó yúrò 6 ní ìlọ nìkan. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ tì í bọ inú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́bàá ibi tí rélùwéè ti ń dúró, kó lu òǹtẹ̀ aago sí i kí ẹ tó wọlé. Tó bá jẹ́ ti orí fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ check-in lójú ewé tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọ́n á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ ti sanwó ọkọ̀.

Tó bá jẹ́ Vatican lẹ fẹ́, ẹ má dé Termini. Ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Roma San Pietro, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Mùsíọ́ọ̀mù Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday àyàfi Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ Wednesday tí Póòpù bá ń bá èrò sọ̀rọ̀ ní gbàgede, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Kí èjìká àti orúnkún yín wà lábẹ́ aṣọ: ìró àti bùbá kò ní ìṣòro kankan níbẹ̀, ṣòkòtò péńpé àti bùbá aláìlápá ni wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ti Róòmù, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ físà kún un, nítorí ẹni tó bá di páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà mú, bó tilẹ̀ ń gbé ní London tàbí Manchester, kò ní dé èbúté kankan tí físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kò bá sí.

Ẹ ka orúkọ àwọn èbúté inú ìwé ìrìn-àjò yín lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ tó gbéra ní Barcelona, tó yà sí La Goulette ní Tùnísíà, tó tún lọ sí Palermo, ti jáde kúrò ní Schengen, ó sì ti padà wọ̀ ọ́. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti parí ní Barcelona nìyẹn. Bákan náà ni ọkọ̀ tó bá kúrò ní Gíríìsì yà sí Kuşadası ní Tọ́kì. Ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi ìwé ètò ọkọ̀ tì í lẹ́yìn kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀. Tùnísíà àti Tọ́kì náà ní òfin físà tiwọn, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀. Ẹ má rò pé ẹ ó kàn jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń yẹ físà gbogbo èbúté wò níbi tí ẹ ti fẹ́ wọkọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé kò ní wọlé, owó rẹ̀ sì lè wọmi.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ẹ ó ti béèrè físà. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni. Yúrò 90 ni owó àgbàlagbà. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì pẹ́ tán, kí ẹ ti béèrè nígbà tó bá ku ọjọ́ 15, àmọ́ àyè ìpàdé ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé máa ń tètè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ló dáa. Ìnṣọ́ráǹsì ìlera tí wọ́n ń fẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí yúrò 30,000.

Fún ìpadàbọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé BRP, káàdì ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti parí iṣẹ́ ní òpin ọdún 2024. Tí ẹ bá ti gba páspọ́ọ̀tù tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sórí àkáǹtì eVisa yín (ìwé ìgbélùú ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì) kí ẹ tó kúrò nílé.

* * *

Livorno ni tèmi. Wọ́n ń polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Florence, bẹ́ẹ̀ Florence jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 90. Èbúté ẹrù ni, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn láàárín kọ̀ǹténà. Bọ́ọ̀sì ni ẹ ó wọ̀ jáde sí àárín ìlú, kí ẹ tún wọ òmíràn lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè Livorno Centrale. Ẹ ka gbogbo ìyẹn sí wákàtí kan. Rélùwéè dé Firenze Santa Maria Novella, ibùdókọ̀ Florence, sún mọ́ wákàtí kan àbọ̀. Àlọ àtàbọ̀ á gba wákàtí márùn-ún lọ́wọ́ yín, ẹ ò tíì wo nǹkan kan.

Èrò mi ni pé tí ọkọ̀ yín kò bá ní lò tó wákàtí mẹ́wàá níbẹ̀, ẹ gbàgbé Florence, kí ẹ lọ sí Pisa, tí kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ nínú rélùwéè. Ilé gogoro tó dagun yẹn kò sí nítòsí Pisa Centrale, ìrìn ìdajì wákàtí ni. Pisa San Rossore ló sún mọ́ ọn, bí ìṣẹ́jú 10. Àsìkò tí ẹ máa gùn ún wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, báàgì kì í wọlé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kì í gùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ Florence, ẹ wo ọjọ́ tí ọkọ̀ bọ́ sí: mùsíọ́ọ̀mù Uffizi àti ti Accademia, níbi tí ère Dáfídì wà, kì í ṣí lọ́jọ́ Monday.

* * *

Tí ẹ bá ń mú ìyá àgbà dání fún ọjọ́ ìbí, tàbí ẹbí ogún èèyàn ń lọ pọ̀, Naples ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí àárín ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, lójú Castel Nuovo. Ẹni tó bá ti rẹ̀ lè fẹsẹ̀ padà sínú ọkọ̀ lọ jẹun ọ̀sán.

Fún Pompeii, ẹ wọ mẹ́tírò láti Municipio dé Garibaldi, kí ẹ wá wọ rélùwéè Circumvesuviana tó ń lọ sí Sorrento. Pompei Scavi-Villa dei Misteri ni kí ẹ ti sọ̀, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ibùdó mìíràn wà tí wọ́n kọ Pompei sí lára, àwọn tó bá sọ̀ níbẹ̀ ló ń fi oòrùn ọ̀sán rìn kiri. Rélùwéè yẹn máa ń kún fọ́fọ́, àwọn tó ń yọ fóònù àti owó lápò èèyàn sì mọ̀ pé àlejò ló kún inú rẹ̀: kí báàgì wà níwájú àyà yín.

Láti oṣù November 2024, èèyàn 20,000 péré ni wọ́n ń gbà wọ Pompeii lóòjọ́, orúkọ olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ra ti ẹbí, kó kọ orúkọ bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù, kì í ṣe orúkọ tí a ń pè wọ́n nílé. Báàgì tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú, 30 lóòró àti 15 ní sísanra lọ kò ní wọlé. Sunday àkọ́kọ́ oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, èrò sì máa ń pọ̀ lápọ̀jù; ẹ má mú àgbàlagbà lọ lọ́jọ́ yẹn.

Òkúta ńláńlá ni wọ́n fi tẹ́ àwọn òpópónà ibẹ̀, kò sì dán. Ìyá tí orúnkún ń dùn kò ní lè rìn ín pẹ́. Ẹnu ọ̀nà Piazza Anfiteatro ni kí ẹ gbé wọn gbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n tún ṣe fún kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní kìlómítà mẹ́ta. Omi, fìlà, bàtà tó ní ìdí rọ́bà. Igi tó ń ṣíji bòni kò pọ̀ nínú ìlú àtijọ́ yẹn rárá.

* * *

Káàdì báǹkì: tí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá pọ́n-ùn tàbí yúrò lẹ fẹ́ fi san, yúrò ni kí ẹ mú. Iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ pọ́n-ùn níbẹ̀ máa ń burú. Kí ẹ sì fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfúrufú tí ẹ bá wà lójú agbami. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ ń jẹ owó gan-an. Fóònù lè máa tẹ̀ lé aago ìlú tí ẹ wà nígbà tí ọkọ̀ ń lo aago tirẹ̀, torí náà aago ọwọ́ tí ẹ fi sí aago ọkọ̀ ni kí ẹ gbé jáde.

* * *

Àǹtí, ẹ ti béèrè bóyá ìrìn-àjò ìlú tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń tà lẹ máa rà tàbí ti aládàáni. Ti ọkọ̀ wọ́n jù, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì máa ń kún. Àmọ́ tí bọ́ọ̀sì wọn bá há sójú pópó láti Róòmù, ọkọ̀ á dúró dè é, tàbí kí wọ́n fi owó tiwọn gbé yín bá a. Fún ìlú tó jìnnà bíi Róòmù àti Florence, mo fara mọ́ owó yẹn fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́. Fún Naples, kò nídìí.

Tó bá jẹ́ aládàáni, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò nínú àdéhùn: ṣé wọ́n á dá owó padà tí ọkọ̀ kò bá lè gúnlẹ̀, inú èbúté ni àbí ìta géètì ni wọ́n ti máa pàdé yín, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kí ẹ débẹ̀. Ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ní aago 7:00 lè má jẹ́ kí èrò sọ̀ títí di 7:45, torí náà ẹ má gbà fún ìpàdé tó ṣáájú 8:15. Ní Sorrento àti Portofino, ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ. Àwọn tó ra ìrìn-àjò ọkọ̀ ni wọ́n sábà ń kó ṣáájú, afẹ́fẹ́ líle sì lè mú kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ kan bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n lè má gbé e.

Takisí lẹ́nu géètì: ẹ bá wọn fẹnu kò lórí iye gbogbo ọkọ̀, àlọ àtàbọ̀, kì í ṣe ti orí kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì san án tán títí wọ́n á fi gbé yín padà dé èbúté.

Ẹ fi páspọ́ọ̀tù sínú àpótí ìpamọ́ tó wà nínú yàrá yín, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú báàgì. Tí èrò kan kò bá tíì dé nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń ṣí àpótí yẹn, wọ́n á sì fi páspọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún aṣojú ọkọ̀ ní èbúté. Ẹ mú fọ́tókọ́pì ojú ewé fọ́tò àti ti físà dání, pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí ẹ bá ní in. Kí ẹ tó sọ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà aṣojú náà sí nínú ìwé ètò ojoojúmọ́. Tí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ ní Civitavecchia, tí Naples sì ni èbúté tó kàn, ẹ pè é, ẹ gba páspọ́ọ̀tù, ẹ padà sí Termini: rélùwéè ayárabíàṣá dé Napoli Centrale kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Owó ara yín ni, torí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì wò ó nínú ìwé ìnṣọ́ráǹsì yín, kí ẹ tó kúrò nílé, bóyá ó bo ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní èbúté.